Ṣé "aláìríṣẹ́ṣe" ni kí ọmọ mi pe bàbá rẹ̀?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Manchester:
Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi ní oṣù tó kọjá. Nígbà tí ìyá ọkọ mi pè wá láti Abẹ́òkúta, ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 9, gba fóònù, ó ní: "Màmá, Dádì kì í ṣiṣẹ́." Ìyá dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Mo rí "aláìríṣẹ́ṣe" nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ṣé òun ni kí n kọ́ ọ?

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Leeds:
Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Olúwa yóò pèsè iṣẹ́ mìíràn. "Kì í" yẹn ló dun Màmá. Ìwà ènìyàn ni ó ń tọ́ka sí, nítorí náà ẹni tí a bá ní kì í ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ọ̀lẹ létí àgbàlagbà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kì í jẹran ti jẹ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ẹran.

Ní ti "aláìríṣẹ́ṣe", mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe hun ún: ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe. "Rí" tó wà láàárín rẹ̀ ló bu iyì kún un, nítorí ẹni tó ń wá nǹkan ni a ń sọ pé kò rí i. Kódà, ó bá bí wọ́n ṣe ń ka àwọn aláìríṣẹ́ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí mu: ẹni tí kò níṣẹ́, tó ti wáṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 tó kọjá, tó sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò wáṣẹ́ mọ́, kò sí lára wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí rédíò ni, "àwọn ọ̀dọ́ aláìríṣẹ́ṣe". Kò dùn lẹ́nu ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ kó wí pé: "Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Dádì, wọ́n ń wá òmíràn." Ẹ má gbàgbé "wọ́n" yẹn, torí ibẹ̀ ni etí Màmá yóò kọ́kọ́ lọ. Kó sì ṣọ́ ohùn "iṣẹ́" dáadáa: ọmọbìnrin tèmi fà á wálẹ̀ níjọ́ kan, ó ní "Dádì ń wá ìṣẹ́ kiri", àbúrò mi sì ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí di òní.