Ẹ Bi Wá: Kíláàsì Wo Ló Bá Ọwọ́ Yín Mu Nínú Dungeons & Dragons?

Ìbéèrè lórí kíláàsì inú Dungeons & Dragons la fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Fún ẹni tí kò bá tíì jókòó ti eré náà rí: èèyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á yí tábìlì ká, ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ olùdarí tí gbogbo wọn ń pè ní DM, òun ni yóò máa sọ ohun tó wà níwájú wọn. Àwọn tó kù ní akọni kọ̀ọ̀kan. Dáìsì olójú 20 ló ń sọ bóyá ohun tí akọni dáwọ́ lé yọrí tàbí kò yọrí. Kíláàsì ni iṣẹ́ tí akọni náà mọ̀. 12 ló wà nínú ìwé olùṣeré ti ọdún 2014, 12 náà ló wà nínú èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024. Orúkọ tí ìwé pè wọ́n la ó máa lò, kí ẹ lè rí wọn lórí ìwé akọni yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mú mi lọ sídìí eré náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wizard, oṣó tó ń fi ọfọ̀ jà, ló wù mí, ó ní kí n fi sílẹ̀, kí n mú Fighter, jagunjagun. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? *Òǹkàwé kan, Surulere*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì wo orúkọ. Ẹ bi ara yín pé: tó bá kàn mí, kí ni mo fẹ́ máa ṣe? Nígbàkígbà tó bá kan akọni yín nínú ìjà, ó lè rìn, ẹsẹ̀ bàtà 30 fún ọ̀pọ̀ wọn. Ó ní ìṣe kan. Bí kíláàsì rẹ̀ bá fún un, ó tún ní àfikún ìṣe kan, ó sì ní ìfèsì kan tó lè lò nígbà tí kò kàn án. Fighter súnmọ́ ọ̀tá, ó ṣá a, ó parí. Wizard ní láti yan ọfọ̀, kó ka iye àyè ọfọ̀ tó kù sí i lọ́wọ́, ìyẹn iye ìgbà tó ṣì lè pe ọfọ̀ ńlá, kó sì wo ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sí kó má baà dáná sun wọ́n mọ́ ọ̀tá. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín rí nìyẹn.

Bí ẹ bá mú Fighter, ẹ pín nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ìwé fún yín, 15, 14, 13, 12, 10 àti 8, báyìí: 15 fún agbára, 14 fún okun ara, 13 fún ìjáfáfá, ìyókù síbi tó bá wù yín. Nínú ìwé 2024, bí akọni yín bá ti ṣe Soldier tẹ́lẹ̀, ẹ lè fi 2 kún agbára kó di 17, kí ẹ fi 1 kún okun ara kó di 15. Ó lè dà bíi pé ẹ fi nǹkan ṣòfò, torí èlé tí 17 ń mú wá, ìyẹn iye tó ń fi kún dáìsì, kò ju ti 16 lọ, 3 ni méjèèjì. Àmọ́ ẹ dúró de ìpele 4. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti lè fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á di 18 àti 16, èlé méjèèjì á sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wọ chain mail fún un, ẹ̀wù tí wọ́n fi òrùka irin hun, òǹkà ààbò rẹ̀, ìyẹn iye tí ìkọlù ọ̀tá gbọ́dọ̀ tó kó tó bà á, á di 16. Ẹ gbé asà lé e lọ́wọ́, ó di 18. Dáìsì goblin, ọ̀tá kékeré kan tó ń fi 4 kún dáìsì rẹ̀, gbọ́dọ̀ bọ́ sórí 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí idà rẹ̀ tó bà á. Ojú 7 péré nínú 20 nìyẹn. Ẹ̀mí 12, ìyẹn iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú, ni Fighter yín fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ máa ń gbàgbé ni Second Wind: àfikún ìṣe ni, dáìsì olójú 10 pẹ̀lú iye ìpele yín ló ń dá padà sára, ìsinmi kúkúrú, ti wákàtí kan, sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ má fi pamọ́ di ìgbà tí ẹ bá ṣubú, torí ẹni tó ti dákú kò lè lò ó.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára Wizard lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ mú Wizard. Ẹni tí kò fẹ́ràn kíláàsì rẹ̀ kì í ka ìwé rẹ̀, àìkàwé ló sì ń ba eré jẹ́ ju líle kíláàsì lọ.

Ìbéèrè: Wizard mi mẹ́ta ló ti kú ní ìpele kìíní. Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn ni? *Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dáìsì olójú 6 ni ẹ̀mí Wizard. Bí okun ara rẹ̀ bá jẹ́ 14, ẹ̀mí 8 ló ní. Ẹ̀mí tí goblin kan ń gbà lọ́wọ́ èèyàn jẹ́ dáìsì olójú 6 àti 2, ìyẹn bíi 5 sí 6 lẹ́ẹ̀kan. Bó bá bà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ti sùn.

Nítorí náà, kí wọ́n má lè bà á ni iṣẹ́ yín. Pẹ̀lú ìjáfáfá 14 láìwọ ẹ̀wù ogun, òǹkà ààbò rẹ̀ jẹ́ 12, goblin á bà á pẹ̀lú ojú 13 nínú 20. Ẹ pe ọfọ̀ Mage Armor kí ẹ tó wọ inú ihò: wákàtí 8 ló ń lò, ó sọ òǹkà náà di 15, ojú tó lè bà á di 10. Àyè ọfọ̀ méjì péré lẹ ní ní ìpele kìíní, ẹ fi èkejì pamọ́ fún Shield. Ìfèsì ni Shield, ẹ ó pè é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ pé dáìsì bà yín. Á fi 5 kún òǹkà ààbò títí á fi tún kàn yín, 15 di 20, ojú tó kù fún goblin náà di 5. Bí gbogbo yín bá wá fi wákàtí kan sinmi, Arcane Recovery á dá àyè kan padà fún yín, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́.

Ẹ óò ní kí lẹ ó wá fi jà? Fire Bolt ni. Ọfọ̀ kékeré tí kì í tán ni, dáìsì olójú 10 ló ń gbà, ó sì dé ẹsẹ̀ bàtà 120. Jíjìn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa lò. Ọ̀pọ̀ Wizard tó ń kú, ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ọ̀tá ni wọ́n dúró sí láìnídìí, nígbà tí ògiri àti òpó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ ju Fire Bolt yín tán, kí ẹ padà sẹ́yìn òpó.

Ìbéèrè: DM wa ní Rogue, kíláàsì àwọn ayọ́kẹ́lẹ́, kò lè lo Sneak Attack àyàfi tó bá sá pamọ́. Ìjà ń ṣẹlẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ bá wa dá a. *Òǹkàwé kan, Peckham, London*

Ìdáhùn: DM yín ṣì í mú, orúkọ Sneak Attack, ìyẹn àfikún ìpalára tí Rogue ń ṣe, ló sì fà á. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé ó dìgbà téèyàn bá yọ́ kẹ́lẹ́. Ohun tí ìwé béèrè kò ju èyí lọ: kí ohun ìjà náà jẹ́ èyí tí a ń ta láti òkèèrè, bí ọfà, tàbí èyí tí ìwé pè ní finesse, bí idà rapier, idà shortsword àti ọ̀bẹ dagger. Lẹ́yìn náà, kí Rogue ní àǹfààní, ìyẹn ni pé dáìsì méjì ló jù tó sì mú èyí tó pọ̀; TÀBÍ kí ẹlòmíràn tó ń bá ọ̀tá náà jà wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ọ̀tá náà, kó sì wà lójúfò. Bó bá jẹ́ ọ̀nà kejì yìí, ìdíwọ́ tó ń mú kéèyàn mú dáìsì tó kéré kò gbọ́dọ̀ sí lórí Rogue.

Ẹ wò ó báyìí. Fighter yín dojú kọ ọ̀tá kan tí wọ́n ń pè ní orc, wọ́n súnmọ́ra. Rogue yín wà lókè àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí wọn, shortbow lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ayé sì ń rí i. Ó ta á, ó bà á. Sneak Attack wọlé, torí pé Fighter ló ní láti súnmọ́ ọ̀tá, kì í ṣe Rogue. Ṣùgbọ́n bí orc mìíràn bá gun àtẹ̀gùn náà tó dúró ti Rogue, ìdíwọ́ ti dé bá ọfà rẹ̀, Sneak Attack ti bọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rẹ̀ nìyí láìmọ̀.

Ó wúlò kẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń jà lé lórí. Rogue ìpele 3 tó ń fi rapier gún èèyàn pẹ̀lú èlé 3 ń gba 7.5 ní ìṣirò àárín. Sneak Attack fi dáìsì olójú 6 méjì kún un, ó di 14.5. Bí DM bá wá dí i lọ́wọ́, ìdajì kíláàsì náà ló gé sọnù, ẹni tó ń ṣe é á sì máa rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kan ẹnìkan ni Sneak Attack, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ní àyíká, ìyẹn ìgbà tó bá kan gbogbo wọn tán. Bí ọ̀tá bá fẹ́ sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rogue tí Rogue sì fi ìfèsì gún un, Sneak Attack tún lè wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Bí dáìsì bá sì bọ́ sórí 20, ẹ jù gbogbo dáìsì Sneak Attack náà ní ìlọ́po méjì.

Ìbéèrè: Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe Cleric, àlùfáà, nínú wa. Wọ́n ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. *Òǹkàwé kan, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ẹni tó bá ń ṣe é bíi nọ́ọ̀sì ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé 2014, ọfọ̀ ìwòsàn Cure Wounds ń dá bíi 7.5 padà bí èlé ọgbọ́n bá jẹ́ 3, orc sì ń fi àáké ńlá gba 9.5. Ẹ ń rọ omi sínú agbọ̀n. Ẹ pe ọfọ̀ Bless ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà: ẹni mẹ́ta ló ń gbà á, wọ́n á máa fi dáìsì olójú 4 kún gbogbo ìkọlù àti gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ewu, fún ìṣẹ́jú kan, ìyẹn àyíká 10. Ìfọkànsí ló gbà, nítorí náà bí wọ́n bá lu Cleric, dáìsì rẹ̀ ní láti tó 10, tàbí ìdajì ohun tó fara gbà bí ìdajì náà bá ju 10 lọ, kó má baà bọ́. Ẹ má pe ọfọ̀ ìfọkànsí mìíràn lé e lórí. Ti ìṣáájú á kú lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi Healing Word, ọfọ̀ ìwòsàn mìíràn, pamọ́ fún ẹni tó bá ṣubú. Àfikún ìṣe ni, ó dé ẹsẹ̀ bàtà 60, ẹ sì lè fi ìṣe yín gan-an pe Sacred Flame, ọfọ̀ kékeré tẹ́ ẹ lè fi jà. Àmọ́ ẹ má fi ẹni tó ṣubú sílẹ̀ níbi tí ọ̀tá ti dúró tì í. Ìkọlù tó bá ba adákú láti ẹsẹ̀ bàtà 5 máa ń wọlé bí ẹni pé dáìsì bọ́ sórí 20, àṣetì méjì ló sì ń kà fún un nínú mẹ́ta tó ń pa èèyàn.

Ìbéèrè: Mo ń ṣe Bard, kíláàsì àwọn olórin. Ṣé mo lè máa ki oríkì dípò orin gìtá tí wọ́n ń ṣe? *Òǹkàwé kan, Ọ̀yọ́*

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, ó sì bá òfin mu rẹ́gí. Ìwé ní ọ̀rọ̀ tàbí orin ni Bardic Inspiration, ìwúrí tí Bard ń fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlù wà nínú àwọn ohun èlò orin tí Bard lè mú, nítorí náà gángan náà gbà á. Àfikún ìṣe ni: ẹ kọjú sí ẹni tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 60 tó lè gbọ́ yín, ẹ kì í, “Ọmọ a-fi-asà-gba-ọfà, ọmọ a-dúró-bí-àràbà,” ẹ fún un ní dáìsì olójú 6. Òun ni yóò mọ ìgbà tí yóò lò ó. Iye ìgbà tí ẹ lè ṣe é kò ju èlé ìfanimọ́ra yín lọ kí ẹ tó sùn. Láti ìpele 5, ìsinmi kúkúrú ń dá a padà. Ẹ kọ oríkì ẹgbẹ́ yín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó wá, ìlà méjì tó. Èyí tó bá gùn jù á dá ìjà dúró, àwọn tó kù á sì máa wo fóònù.

Èébú náà wà níbẹ̀. Vicious Mockery lorúkọ rẹ̀, ọfọ̀ kékeré tí kì í tán ni. Ẹni tí kò bá lè fi ọgbọ́n yẹ ẹ́ á fara pa díẹ̀, ìdíwọ́ á sì bá ìkọlù rẹ̀ tó kàn. Ìdíwọ́ yẹn ni ẹ ń wá. Ẹni tó fẹ́ ṣá Wizard yín pa ni kẹ́ ẹ bú.

Ìbéèrè: Barbarian mi, jagunjagun oníbìínú, wọ ẹ̀wù irin ńlá, ó sì ń bínú. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. *Òǹkàwé kan, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Wọ́n tọ̀nà. Ẹ̀wù ogun tó wúwo ń pa àǹfààní Rage, ìbínú náà. Ẹ bọ́ ọ: láìwọ nǹkan, òǹkà ààbò Barbarian jẹ́ 10 pẹ̀lú èlé ìjáfáfá àti ti okun ara, asà sì lè wà lórí rẹ̀. Rage ń gé ìpalára tí idà, ọ̀kọ̀ àti kùmọ̀ ń ṣe sí ìdajì, 12 di 6. Iná kò sí nínú rẹ̀, ọfọ̀ kankan kò sì ṣeé pè nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé mẹ́ta péré ni kíláàsì nígbà kan? *Òǹkàwé kan, Houston*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, Fighting-Man, Magic-User àti Cleric ló wà. Ìwé àfikún ti ọdún 1975 ló mú Thief wá, èyí tó padà di Rogue.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ da Fighter pọ̀ mọ́ Wizard. Ìmọ̀ràn? *Òǹkàwé kan, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Kí òye yín jẹ́ 13 ó kéré tán, kí agbára tàbí ìjáfáfá náà jẹ́ 13. Ẹ fi Fighter bẹ̀rẹ̀, ìpele kan péré, kí ẹ tó bọ́ sí Wizard. Ẹ̀wù irin á jẹ́ tiyín, ẹ ó sì máa fi èlé ìmọ̀ṣẹ́, ìyẹn àfikún fún ohun tí akọni mọ̀ dáadáa, kún ìgbà tí ẹ bá ń gbìyànjú láti di ìfọkànsí mú. Chain mail béèrè agbára 13, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó pàdánù ẹsẹ̀ bàtà 10 nínú ìrìn yín. Ẹ má pín in sí méjì ọgbọọgba. Ẹni tó ní Fighter 3 àti Wizard 2 ti dé ìpele 5 láìní ìkọlù ẹ̀ẹ̀kejì tí Fighter 5 ní, kò sì ní Fireball tí Wizard 5 ní, ọfọ̀ iná tó ń gba dáìsì olójú 6 mẹ́jọ. Ẹ tún wo ọwọ́ yín: bí idà bá wà lọ́tùn-ún tí asà wà lósì, kò sí ọwọ́ tó ṣófo láti fi pe Shield, ẹ ní láti ti idà bọ àkọ̀ kí ọ̀tá tó kàn.