Dókítà tó ní òun kò rí wàhálà rí

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 43 ni mí, kílò 128 ni mo wọ̀n, mo sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń mú èèyàn fọn kí Òjúde Ọba tó dé. Dókítà kan l'Ékòó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ abẹ láti ọdún 22, kò sì sí ẹnì kan tó níṣòro lọ́wọ́ òun rí. Ṣé kí n sanwó? (Láti Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì sanwó. Ti Òjúde Ọba, télọ̀ ló ni ìyẹn. Ẹ ò tiẹ̀ sọ bí ẹ ṣe ga tó, kílò nìkan ò sì tó láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ yìí tọ́ sí yín. Èmi náà ò tíì yẹ̀ yín wò.

Gbólóhùn tó fi yín lọ́kàn balẹ̀ gan-an ló já èmi láyà. Mi ò mọ dókítà náà, mi ò ní pè é lónírọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun kò rí wàhálà rí, bóyá kò tíì ṣe é tó nǹkan, bóyá àwọn tó ṣe fún ń gba ilé ìwòsàn mìíràn lọ nígbà tí ara wọn bá yí. Èmi tí mò ń kọ èyí ti rí i. Ojú ibi tí mo rán jò ní ọjọ́ kẹfà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, à ń gé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àpòlúkù dànù, èyí tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ihò bíńtín bá ṣí lójú ibi tí a gé, ohun inú rẹ̀ á máa jò sínú ikùn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kejì kó tó hàn, ẹ ti délé nígbà yẹn. Ara lè má tíì gbóná, ṣùgbọ́n ọkàn á máa sáré ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, láìṣe pé ẹ sáré. Èjìká òsì lè máa dunni. Àwọn ará ilé á ní ibà ni, wọ́n á lọ ra Flagyl. Ibẹ̀ lẹ̀mí ti ń bọ́.

Ọdún 22 nídìí kí ni? Ẹni tó ti ń gé appendix láti ọdún 22 wá lè má tíì ṣe sleeve kan ṣoṣo. Ní Michigan, l'Ámẹ́ríkà, dókítà 20 tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń mú èèyàn fọn fi fídíò iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì fún wọn ní máàkì láìmọ ẹni tó ni ín. Lọ́dún 2013 ni àbájáde rẹ̀ jáde: lọ́dọ̀ àwọn tí máàkì wọn kéré jù, nǹkan bí aláìsàn 14 nínú 100 ló níṣòro, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́wọ́ pípé, bíi 5. Márùn-ún o, kì í ṣe òdo! Àwọn ọlọ́wọ́ pípé yìí náà ló sì ń ṣe é jù lọ́dún.

Bó bá jẹ́ Èkó náà lẹ ó ti ṣe é, ẹ má sáré padà sílé. Ẹ wá ẹbí kan wọ̀ sí níbẹ̀ títí dókítà á fi ní kí ẹ máa lọ. Súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ò mọ ẹni tí inú rẹ̀ ń jò. Gààrì náà á sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ padà lọ bi í léèrè: mélòó lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá? Ta ló máa gbé fóònù ní aago méjì òru? Ẹni tí tiẹ̀ yíwọ́ gbẹ̀yìn, kí lẹ ṣe fún un? Bó bá bínú, ẹ gbé báàgì yín.