Èsì: Níbo ni Sophie Nélisse ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé inú Yellowjackets, eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n, ni Sophie, òṣèré ọmọ Kánádà yìí, ti kọ́kọ́ ṣeré. Rárá o! 2021 nìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọmọ náà sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Windsor ní Ontario ni wọ́n bí i sí lọ́dún 2000, àmọ́ Montreal ló dàgbà sí. Fíìmù èdè Faransé kan, Monsieur Lazhar (2011), ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Alice ló ṣe níbẹ̀, ọmọ iléèwé tí olùkọ́ wọn pokùn so nínú kíláàsì. Ẹ wo ibi tó ti dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń ka ohun tó kọ nípa ikú náà fún wọn. Kò pariwo rárá, síbẹ̀ ara mi bù máṣọ. Àgbà òṣèré mìíràn ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, ká má parọ́. Wọ́n fún un ní Genie, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Kánádà, ní 2012.

Jimináásíìkì ló ń lé tẹ́lẹ̀ o, Òlíńpíìkì 2016 ló ń fojú sùn! Ó pa á tì nígbà tí ipa Liesel nínú fíìmù The Book Thief (2013) bọ́ sí i lọ́wọ́, níbi tí òun àti òṣèré Geoffrey Rush ti jọ ṣeré. Ẹ kọ́kọ́ wá Monsieur Lazhar wò ná.