Ẹja yín kò ṣàìsàn, wọ́n pọ̀ jù nínú omi ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa ará Iléṣà. Ẹ ní kòtò yín gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 10, epìyà 400 lẹ dà sí i, oṣù mẹ́jọ ti kọjá, oúnjẹ ń wọlé, síbẹ̀ ẹja kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ da ìgbẹ́ adìẹ kún un. Ẹ dáwọ́ dúró ná.

Ẹ ju àwọ̀n sí igun kan, kí ẹ gbé mẹ́wàá sórí ìwọ̀n. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ gíráàmù 15, tí wọ́n sì ti bímọ títí 4,000 irú rẹ̀ fi wà nínú omi, kìlò 60 nìyẹn. Epìyà 400 tó tó gíráàmù 150, kìlò 60 náà ni. Ẹrù tí omi yín lè gbé ló ń gbé, wọ́n kàn pín in yẹ́lẹyẹ̀lẹ ni. Ẹja kì í sì í fi gbogbo ohun tó bá jẹ ṣe ẹran. Mímí, lílúwẹ̀ẹ́ àti wíwà láàyè ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, ohun tó bá ṣẹ́kù ló ń di ara. Bí ẹnu 4,000 bá ti jẹ tiwọn kí wọ́n má baà kú, kí ló kù? Àwọn ọ̀gá tó máa ń wá pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá, tí wọn kì í fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan bàtà wọn, “ẹ fi oúnjẹ kún un” ni wọ́n mọ̀. Kì í kúkú ṣe owó wọn.

Abo epìyà kì í dúró kó tóbi kó tó bímọ. Níbi tí àyè bá ti há, èyí tí kò ju gíráàmù 30 sí 50 lọ ti ń yé. Ẹnu ló ń gbé ẹyin sí títí wọn ó fi lè dá lúwẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ kì í fi í ṣòfò. Kí oṣù méjì tó pé, ó tún ti yé òmíràn. Tí ẹ bá mú ọ̀kan tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú bí ẹni tó há obì sẹ́nu, ọmọ ló wà níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fa omi kòtò náà tán, kí ẹ kó gbogbo ẹja kúrò, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Fífa omi tán yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí a máa ń rò pé omi ti tán nígbà tí kò tíì tán. Ìgbà ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é. Nínú òjò, ẹ kàn ń tan ara yín ni. Ẹ fa omi náà, kí ẹ fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ di ẹnu páìpù, kí ọmọ epìyà má baà bá omi lọ sí odò aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ilẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ẹrẹ̀ yóò fi là tí ìka yóò wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo abẹ́ páìpù, ihò akàn, àti ojú ẹsẹ̀ àwọn tó fa àwọ̀n. Ojú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí omi dúró sí lè pa ọmọ epìyà mọ́ dìgbà tí ẹ ó da omi tuntun lé e lórí, iṣẹ́ yín sì di asán. Láìmù tó ń jó ọwọ́, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n ti sun, ni kí ẹ fọ́n síbẹ̀: kìlò 20 fún gbogbo ilẹ̀ náà, kó nípọn níbi tí omi bá kù sí. Láìmù oko lásán kò lè pa wọ́n, ìkan ilẹ̀ nìkan ló ń rọ̀. Ẹni tó tà á lè sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni. Irọ́ ni. Ẹ bo ojú àti ọwọ́, kí ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ fi Gamalin, oògùn apakòkòrò, tó kù níbi kòkó pa wọ́n. Ènìyàn ló máa jẹ ẹja yẹn.

Àwọn wẹ́wẹ́ tí ẹ bá kó, ẹ yan wọ́n lórí iná, wọ́n á rà á ní ọjà Atákúnmọ́sà. Kí ẹ tó fọ́n láìmù, ẹ bu ẹrẹ̀ dúdú tó wà nísàlẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oúnjẹ tí ẹja kò rí jẹ wà níbẹ̀.

Ìyókù kò le. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ fọ́n láìmù, tí omi tuntun sì ti wà níbẹ̀, akọ epìyà 400 péré ni kí ẹ kó sí i: ẹ yí ikùn rẹ̀ sókè, ihò méjì lakọ ní, abo ní mẹ́ta. Ojú á ṣì í, nítorí náà ẹ fi àrọ̀ 20 sí 40 tó kéré ju epìyà lọ sí i, kí wọ́n máa jẹ ọmọ tó bá yọ.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìgbẹ́ adìẹ. Kìlò 10 gbígbẹ lọ́sẹ̀, nínú àpò ìrẹsì tí ẹ so mọ́ igi ní igun kan. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ láìmù, náítírójìn rẹ̀ á di amóníà, afẹ́fẹ́ tó ń ta imú, á sì fò lọ. Náítírójìn àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀, oúnjẹ ewéko, ló ń hu ewé wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé. Epìyà ń jẹ ewé wẹ́wẹ́ yẹn fúnra rẹ̀, èyí sàn, torí pé bí oúnjẹ bá ti ń gba ara ẹ̀dá kan kọjá sí òmíràn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló máa ń kọjá. Ẹ ki apá bọ omi: tí àtẹ́lẹwọ́ bá pòórá nígbà tí omi dé ìgúnpá, ó dára. Tó bá pòórá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó ti pọ̀ jù. Lóru, ewé yẹn náà ń mí, ó ń bá ẹja du afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá bá wọn lójú omi ní aago márùn-ún ìdájí tí wọ́n ń ya ẹnu, ẹ yọ àpò ìgbẹ́, ẹ da omi tuntun sí i, kí ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.