Ọkọ̀ tó o kọ́kọ́ rà kọ́ ló máa pa ẹ́ lára, àwọn ọlọ́pàá Rockport ni

Àbúrò mi, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Need for Speed: Most Wanted ti ọdún 2005 lórí PS2, géèmù ìsáré ọkọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú Rockport, Razor, olórí ọ̀tá ẹ nínú rẹ̀, ti gba BMW M3 GTR lọ́wọ́ ẹ, o sì fẹ́ mọ ọkọ̀ tó o máa fi owó kékeré tó kù rà. Golf GTI ni èmi mú. Punto, Cobalt SS àti Lexus IS300 náà kò burú. Èyíkéyìí nínú wọn á gbé ẹ kọjá Sonny, ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún lórí Blacklist, ìyẹn orúkọ àwọn awakọ̀ tó o gbọ́dọ̀ nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí Golf náà ni òun fúnra rẹ̀ ń wà.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí ìyà ti jẹ mí. Mo gba ọkọ̀ Supra lọ́wọ́ Vic, ẹni kẹtàlá lórí Blacklist, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ta gbogbo ọkọ̀ yòókù. Gbogbo owó tó wọlé, ẹ́ńjìnnì, táyà àti nítírọ́ọ̀sì ni mo fi ń rà sí i lára. Mo dé ọ̀dọ̀ Webster, ẹni karùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpótí mẹ́ta, pé gbogbo ìgbà tí ọlọ́pàá bá mú ẹ ni wọ́n ń fi àmì sí ọ̀kan, pé tí gbogbo rẹ̀ bá kún, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. Àwọn ọ̀gá géèmù níbi tí mo ti ń ra díìsìkì ń sọ pé ọlọ́pàá inú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan, kí n ṣáà máa sáré. Wọn ò tíì dé ibi tí Heat, ìyẹn bí ọlọ́pàá ṣe ń gbóná mọ́ ẹ tó, ti di 5 rí, wọ́n ń la ẹnu.

Ní Heat 5, Corvette ni ọlọ́pàá ń wà. Jíìpù ńláńlá ń bọ̀ níwájú, ó ń wá orí ọkọ̀ ẹ tààrà. Mo ti sá fún wọn ju ogún ìṣẹ́jú lọ, bounty, iye tí ọlọ́pàá dá lé orí mi, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé iye tí Webster ń fẹ́, ni mo bá gun irin ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà. Táyà fọ́, ọkọ̀ yí, wọ́n yí mi ká. Àmì kẹta nìyẹn. Mi ò ní ọkọ̀ míì, owó ọwọ́ mi kò sì lè ra òmíràn. Eré parí síbẹ̀. Mo gbé páàdì sílẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe ní ọkọ̀ kan ṣoṣo láé, má sì ná owó ẹ tán. Ara ọkọ̀ ni Heat ń wà, kì í ṣe ara awakọ̀. Tó o bá kun ọkọ̀ lọ́dà tuntun, á wálẹ̀. Máa wá àmì pupa onígun mẹ́ta lórí máàpù, ilé epo wà lára wọn: kọlù ú, á wó lu àwọn tó ń lé ẹ.

Mẹ́mọ́rì káàdì ńkọ́? Ẹnì kan ta ayédèrú fún mi, ó búra pé ojúlówó ni. Iná lọ nígbà tí géèmù ń tọ́jú ibi tí mo dé, gbogbo rẹ̀ pòórá. Lo káàdì méjì.

Tó o bá na ẹnikẹ́ni lórí Blacklist, wọ́n á ní kó o mú ẹ̀bùn méjì nínú mẹ́fà. Mẹ́ta fi ara hàn, mẹ́ta jẹ́ «?». «?» ni kó o mú lẹ́ẹ̀mejèèjì, abẹ́ wọn ni ọkọ̀ ẹni náà wà. Èmi fi Gallardo parí rẹ̀, ó ń gbọ́ràn ní kọ́nà; Carrera GT yá ju ìyẹn lọ, àmọ́ ìdí rẹ̀ máa ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Tó o bá sì ti gba M3 GTR padà lọ́wọ́ Razor, má tíì yọ ayọ̀: Sergeant Cross, ọlọ́pàá tó ń lépa ẹ nínú géèmù náà, á kó gbogbo ọlọ́pàá ìlú jáde. Tó o bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ afárá àtijọ́ tó ti já, ibẹ̀ ni kó o dorí kọ, má dẹ ẹsẹ̀ lórí iná títí wàá fi fò ó.