Ṣé Ọpọlọ Tó Ti Kú Tún Ń Hù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mọ́ Nọ́ọ̀sì. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá àwọn ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ti ń gbé díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún kò tíì lè di nǹkan kan mú. Ẹnì kan fẹ́ ta oògùn fún wa, ó ní ó ń mú kí ọpọlọ hu sẹ́ẹ̀lì tuntun. Àkọ́bí wa ní irọ́ ni, pé èyí tó bá ti kú nínú ọpọlọ ti lọ nìyẹn. Ta ni ká gbà gbọ́? Èmi ni Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ara Bàbá Ìbejì á yá.

Ohun tí ọmọ yín sọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn rí, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Àmọ́ ní 2002, àwọn onímọ̀ kan ní Sweden rí i lára eku tí rọpárọsẹ̀ ṣe pé sẹ́ẹ̀lì tuntun hù nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì rìn lọ síbi tó bàjẹ́. Ẹ má tíì fò fáyọ̀ o. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun yẹn kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì tó sọnù, bíi méjì péré ni àwọn tuntun rí dí. Ní ti èèyàn, nígbà tí wọ́n yẹ èèpo òde ọpọlọ àwọn tí àrùn náà ti ṣe wò ní 2014, wọn kò rí ẹ̀rí pé sẹ́ẹ̀lì tuntun hù níbẹ̀. Kò sì sí oògùn kankan tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣe ohun tí ọlọ́jà yín ń pariwo. Ẹ jẹ́ kó máa gbé oògùn rẹ̀ lọ.

Kí ló wá gbé ẹsẹ̀ náà? Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò kú ni. Wọ́n ń na ẹ̀ka tuntun síra wọn, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó kú. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá rí iṣẹ́ ṣe, wọn kì í kọ́ ọ. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yẹn sórí aṣọ ìnulẹ̀ lórí tábìlì, kó fi ọwọ́ òsì tì í lọ tì í bọ̀, lójoojúmọ́, títí yóò fi sú u, kó sinmi, kó tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń jẹun, kí ọwọ́ náà wà lórí tábìlì, kó máa di abọ́ mú pa pọ̀ mọ́ èkejì. Àwọn tó ń kọ́ ọ ní ìdárayá ní ọsibítù yóò fi èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ hàn yín bí ìka bá ti ń ṣí.

Ohun kan tí mo máa ń bínú sí: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọwọ́ tó rọ yẹn gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Èjìká yóò yẹ̀, ìrora rẹ̀ yóò sì lé e sá fún ìdárayá. Ẹ̀yìn ni kí ẹ gbá mú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún un ńkọ́? Ìyẹn ni kó má ṣe pa jẹ lọ́jọ́ kankan.