Bébà tó ń ya láàárín: má tíì ra ti Japan

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó o ti ń ká bébà, ẹyẹ àti àpótí ò nira fún ẹ mọ́, àmọ́ kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó wù ẹ́ yẹn, gbogbo ìgbà tó bá ti kù díẹ̀ kó parí ni àárín ẹ̀ máa ń ya, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá kó o tọ́jú owó kó o fi ra bébà láti Japan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àbí kó o kàn fi kinní ọ̀hún sílẹ̀ torí àwọn ará ilé ní eré ọmọdé ni. Má fi sílẹ̀ o. Bébà Japan náà, má tíì rà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu nǹkan yìí níbí l'Òṣogbo, bébà sì ti ya mọ́ mi lọ́wọ́ ju bó o ṣe rò lọ, ohun tí mo rí dì mú ni pé bébà gan-an ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa kó tó kan àwòrán tí wọ́n fi ń júwe bí wọ́n ṣe ń ká a.

Wò ó báyìí. Bébà fọ́tòkọ́pì tó o ń lò, 80 giráàmù yẹn, nínípọn ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Tó o bá ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, ó di ìpele 2, lẹ́ẹ̀kejì ó di 4, tó bá fi máa dé ẹ̀ẹ̀keje ó ti di 128, ìyẹn sì ti lé ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹsẹ̀ kòkòrò wo ló máa nípọn tó yẹn? Gbogbo ìpele yẹn ló wá ń fa ara wọn níbi àárín tí ìlà púpọ̀ ti pàdé, ibẹ̀ náà lo sì ti ṣẹ́ síwá ṣẹ́ sẹ́yìn jù. Fọ́nrán inú bébà fọ́tòkọ́pì, ìyẹn àwọn nǹkan tín-ín-rín bí òwú tó so pọ̀ di bébà, kúrú, wọ́n tún máa ń po ẹfun mọ́ ọn kó lè funfun kó sì dán, torí náà tó o bá ti ṣẹ́ ojú kan náà sọ́tùn-ún sósì lẹ́ẹ̀mélòó kan, fọ́nrán á gé, ó parí. Bébà àwọn ará Japan tí wọ́n ń fi èèpo igi kozo ṣe kì í tètè ya torí fọ́nrán tiẹ̀ gùn, ó sì wọnú ara wọn. Kò sí idán níbẹ̀. Tó o bá ti mọ èyí, wàá rí i pé nǹkan tó o nílò ni bébà tó fẹ́lẹ́ tó sì ní fọ́nrán gígùn, ó sì wà nítòsí ẹ.

Kọ́kọ́ gbìyànjú bébà búráùn, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ó le gan-an, ó máa ń gba ìlà dáadáa, kì í sì tètè ya. Lẹ́yìn náà, lọ bá àwọn atẹ̀wé ní ìgboro, kí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ bébà tí ẹ̀rọ gé kù lo fẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn á fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ torí ilẹ̀ ni wọ́n máa ń kó o sí, oríṣiríṣi lo sì máa bá níbẹ̀, fífẹ́lẹ́, nínípọn, aláwọ̀, èyí tó ń dán. Kó gbogbo ẹ̀ délé, ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kọ ohun tó o rí sí i lára. Bí èmi fúnra mi ṣe mọ bébà nìyẹn.

Kó o tó gé e, wá ibi tí fọ́nrán ẹ̀ kọjú sí. Tẹ bébà náà jẹ́jẹ́ láì ṣẹ́ ẹ, tẹ̀ ẹ́ lóròó, tẹ̀ ẹ́ níbùú, apá tó bá ti rọrùn láti tẹ̀, ìlà ibi tó ti tẹ̀ yẹn ni fọ́nrán bá lọ. Tí kò bá dá ẹ lójú, ya ègé kékeré kan, tó bá ya gbọọrọ láì wọ́, o ti rí i. Ṣíṣẹ́ tó bá fọ́nrán lọ máa ń mọ́, èyí tó dábùú ẹ̀ máa ń ṣagídí, torí náà ìlà tó o bá máa tún ṣẹ́ lọ ṣẹ́ bọ̀ jù, jẹ́ kó bá fọ́nrán lọ tó bá ṣeé ṣe.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá mi, nídìí ìkòkò ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń yàwòrán sára aṣọ ni mo dàgbà sí, láfún ni wọ́n ń sè, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i. Láfún yẹn náà ni mo fi ń ṣe bébà mi. Àmọ́ tèmi kì í ní álọ́ọ̀mù o, torí álọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí bébà pọ́n, tó bá yá á máa rún. Po láfún díẹ̀ sínú omi, sè é kó ṣàn bí ògì tí wọ́n fẹ́ mu, sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ fífẹ́lẹ́ kí kóró má bàa kù síbẹ̀. Ra tíṣù fífẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn, ó wà l'Ọ́jà Ọba, tẹ́ ẹ sórí gíláàsì tó mọ́, fi bọ́rọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ kun ẹ̀kọ náà látàárín lọ síta, tẹ́ ẹyọ kejì lé e, tún kùn ún, kó o wá fi í sílẹ̀ títí á fi gbẹ pátápátá. Tó o bá ká a kúrò lórí gíláàsì, wàá gbọ́ bó ṣe ń dún wàràwàrà. Ó ṣì fẹ́lẹ́, àmọ́ ó ti le, ó sì máa dúró sí bó o bá ṣe tẹ̀ ẹ́, àní bíi gèlè tó dá gbá yàtọ̀ sí èyí tó rọ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀. Fún ẹsẹ̀ kòkòrò, mo máa ń fi fọ́ìlì ilé ìdáná sáàárín tíṣù méjèèjì, gọ́ọ̀mù ni mo sì máa ń lò fún ìyẹn. Tọ́jú èyí tó ní ẹ̀kọ sínú agolo tó ní ìdérí o, aáyán fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ojú ọjọ́ náà ńkọ́? Bébà máa ń mu ọ̀rinrin, tó bá sì ti mu ún, ó máa ń fẹ̀ lápá tó dábùú fọ́nrán ju apá kejì lọ, ìdí nìyẹn tí bébà tó o gé ní igun mẹ́rin tó dọ́gba lọ́sàn-án tí oòrùn mú fi lè má dọ́gba mọ́ lálẹ́ tí òjò rọ̀. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ ká a ni kó o gé e, kó o sì máa fi ìyókù sínú nylon. Ìgbà ọyẹ́ ni bébà máa ń le gbagidi tí ojú ìlà á máa sán, nígbà yẹn mo máa ń pa fáànù, mo sì máa ń gbé aṣọ tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà náà fúngbà díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Akira Yoshizawa, ọ̀gá nínú kíká bébà, ará Japan tí wọ́n bí ní 1911 tó kú ní 2005, ńṣe lòun máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bu omi díẹ̀ sára bébà tó nípọn kó lè fi ọwọ́ mọ ẹranko tí ara ẹ̀ á rí múlọ́múlọ́. Tó o bá fẹ́ dán ìyẹn wò, àsìkò òjò ló dáa jù níbí, torí ọyẹ́ á ti gbẹ ẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ kó o tó mọ orí ẹ̀. Fi kílíìpù tí wọ́n fi ń sá aṣọ dì í mú títí á fi gbẹ.

Ti ìgbádùn inú ẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ tán. Wàá ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣẹ́ ìlà sára bébà pẹlẹbẹ, kò tíì jọ nǹkankan, àfi ìlà tó ń gba inú ara wọn kọjá, tí NEPA bá sì mú iná lọ wàá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí òjìji lè fi ìlà náà hàn (ìmọ́lẹ̀ tó wá látẹ̀gbẹ́ dáa ju èyí tó wà lókè orí lọ, lójúmọmọ náà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé). Ó wá kan ìgbà tó o máa kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. O máa ti ibí, o máa fa ọ̀hún, fún ìgbà díẹ̀ kò ní fẹ́ gbà, lójijì ni gbogbo ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fúnra wọn, ọ̀kan á fa ìkejì, nǹkan tó jẹ́ bébà pẹlẹbẹ á di nǹkan tó lẹ́sẹ̀ tó lórí lọ́wọ́ ẹ. Ara mi ṣì máa ń yá gágá tó bá débẹ̀. Tí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ bá fi díẹ̀ wọ́ ṣá, kò ní wọlé, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pẹ́ lórí ìlà méjì àkọ́kọ́ ju gbogbo ìyókù lọ.

Àwọn tó ní eré ọmọdé ni, sọ fún wọn pé ní 1995 àwọn ará Japan gbé ẹ̀rọ kan lọ sí òfúrufú tí wọ́n ká pánẹ́ẹ̀lì sólà ẹ̀ bí Koryo Miura, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan níbẹ̀, ṣe ṣètò kíká ẹ̀, kó lè kéré lójú ọ̀nà kó sì là tó bá débẹ̀. Tí ìyẹn bá jìnnà sí wọn, mú wọn lọ sínú igbó Ọ̀ṣun, kí wọ́n wo iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí Adébísí Àkànjí ṣe, bíríkìlà ni wọ́n kí wọ́n tó di oníṣẹ́ ọnà. A ò gbọ́dọ̀ máa fojú kéré iṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú tiwa yìí.

Tó bá wù ẹ́ láti fi páálí ṣe ilé kéékèèké, bírò tí íńkì ẹ̀ ti tán ni kó o fi fa ìlà kó o tó ṣẹ́ ẹ, kò ní sán. Kálẹ́ńdà àtijọ́ náà dáa fún Sonobe, ìyẹn ègé bébà kéékèèké tí wọ́n ká bákan náà tí wọ́n wá ń ki bọ inú ara wọn, 6 á fún ẹ ní àpótí, 12 á fún ẹ ní ìràwọ̀ kékeré, 30 á fún ẹ ní èyí tó tóbi, kò sì nílò gọ́ọ̀mù rárá.

Tí tíṣù ẹlẹ́kọ bá ti gbé kòkòrò ẹ dé òpin láì ya, ìgbà yẹn ni kó o wá ra ti Japan. Béèrè fún kozo tó fẹ́lẹ́ tó sì fẹ̀, èyí tó lé ní 35 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí wọ́n dì sínú páákì kékeré, tó ní 15 sẹ̀ǹtímítà, tó sì láwọ̀ lójú kan, ẹyẹ ló wà fún, ó máa nira kí ẹsẹ̀ mẹ́fà jáde níbẹ̀.